Ìṣojú Mi Kòrókòró: Àbẹ̀wò àti Àkọsílẹ̀ lórí Ọmọ Àgbàtọ́

 

Ó ṣeé ṣe kí ó ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni yóò sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà. Èmi kì í ṣe amòfin, n kò sì ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ fún ìjọba rí. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ìbéèrè kan náà nípa gbogbo ìtàn tí a bá jọ kà: Ta ni ó ń sọ ọ́? Kí ni ó fi ojú ara rẹ̀ rí? Kí ni ó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn? Fáìlì tí òṣìṣẹ́ ìjọba ń kọ nípa ọmọ tí ó wà lọ́dọ̀ alágbàtọ́ jẹ́ ìtàn pẹ̀lú. Bí asọ̀tàn inú ìwé bá purọ́, a lè pa ìwé náà dé, kí a sì máa bá tiwa lọ. Bí asọ̀tàn inú fáìlì bá purọ́, ọmọ lè bá irọ́ náà lọ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju èyí lọ: àbẹ̀wò tí kò ní àkọsílẹ̀ tòótọ́, ìgbàgbé ni yóò gbé e lọ, àkọsílẹ̀ tí kò sì ní àbẹ̀wò nídìí, àlọ́ ni.

1. Igba ojú

Àwọn àgbà ní ojú mẹ́rin ní í bí ọmọ, igba ojú ní í tọ́ ọ. A sábà máa ń pa òwe yìí láti fi yin àṣà àjùmọ̀tọ́ ọmọ láàrin wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí pé ojú ni òwe náà dárúkọ. Kò dárúkọ ọwọ́. Àwọn tí ó pa á mọ̀ pé ọwọ́ kan ṣoṣo lè bọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n ojú kan ṣoṣo kò tó láti wò ó. Ẹni tí ó bá fi ọmọ fún alágbàtọ́ tí kò sì fi ojú tẹ̀ lé e, kò tíì ṣe ohun tí òwe náà wí.

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ tíṣà kan ní ìlú kejì kí n lè máa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láti ibẹ̀. Ìyá bàbá mi ni ó ń wá wò mí. Kì í rán ẹnikẹ́ni, kì í sì í sọ ọjọ́ tí òun ń bọ̀. Yóò kí àwọn ará ilé tán, yóò jẹ ohun tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀, kò sì ní bi mí ní ohunkóhun lójú wọn. Bí ó bá di àkókò àtilọ, yóò wá sọ pé, "Àkàndé, dìde, wá sìn mí sọ́nà." Ojú ọ̀nà ni ìbéèrè ti ń bẹ̀rẹ̀: kí ni mo jẹ lánàá, ibo ni mo ń sùn, ta ni ó ń fọ aṣọ mi. Yóò ká ẹ̀wù mi sókè, yóò wo ẹ̀yìn mi.

Nígbà tí mo dàgbà ni bàbá mi tó sọ fún mi pé bí màmá bá padà délé, ọ̀nà méjì ni wọ́n ń pín ìròyìn wọn sí: "Èyí ni mo rí, èyí ni wọ́n wí fún mi." Wọn kò kàwé rí, síbẹ̀ wọn kì í da ọ̀kan pọ̀ mọ́ èkejì. Ìgbà kan wà tí ohun tí wọ́n wí fún wọn ni pé inú yàrá ni mo ń sùn pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé. Ohun tí wọ́n rí ni ẹni tí mo ká sí ẹ̀gbẹ́ ààrò ní ilé ìdáná. Kí oṣù náà tó parí, mo ti padà sọ́dọ̀ bàbá mi.

2. "Láti ìgbà dé ìgbà"

Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni ó ní ìyá àgbà nítòsí. Láti àárín ọ̀rúndún ogún, pàápàá láti bí ọdún 1955 títí di ẹ̀yìn ọdún 1980, ọ̀pọ̀lọpọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn Yorùbá kò sì kéré nínú wọn, ni ó fi ọmọ wọn sọ́dọ̀ òyìnbó alágbàtọ́ kí wọ́n lè ráyè kàwé, kí wọ́n sì lè ṣiṣẹ́. Ìpolówó inú ìwé ìròyìn tí a ń pè ní Nursery World ni púpọ̀ nínú wọn fi ń wá ẹni tí yóò gba ọmọ. Àwọn òbí náà rò pé àṣà tí àwọn bá nílé ni àwọn ń ṣe. Wọn kò rántí pé ìyá àgbà tí yóò sọ pé "wá sìn mí sọ́nà" kò bá wọn wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ìjọba ni ó yẹ kí ó dúró ní ipò rẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 1958 sọ pé kí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ máa bẹ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wò láti ìgbà dé ìgbà. Gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń fi ọ̀rọ̀ jẹun, mo ní láti bèèrè pé ìgbà wo dé ìgbà wo? Oṣù kan ni, àbí ọdún kan? Ẹni tí ó bẹ ọmọ wò lẹ́ẹ̀kan láàrin ọdún méjì lè búra pé òun kò rú òfin.

Ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2005 kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá ti gbọ́ nípa ọmọ tí òbí fúnra wọn fi sọ́dọ̀ alágbàtọ́, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ lọ síbẹ̀ láàrin ọjọ́ iṣẹ́ méje. Ní ọdún àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò gbọdọ̀ kọjá láàrin àbẹ̀wò kan sí èkejì; lẹ́yìn náà, ọ̀sẹ̀ méjìlá kò gbọdọ̀ kọjá. Òṣìṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ bá ọmọ sọ̀rọ̀ ní òun nìkan, àfi bí ó bá rí i pé kò yẹ bẹ́ẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ kọ ìròyìn sílẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìlànà yìí, mo rẹ́rìn-ín. "Wá sìn mí sọ́nà" ti di òfin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn òyìnbó kò dédé kọ́gbọ́n yìí. Ní oṣù kẹfà 1944, ìgbìmọ̀ ìlú Newport ní Wales fi ọmọ ọdún méjìlá kan, Dennis O'Neill, sọ́dọ̀ àgbẹ̀ kan ní agbègbè Shropshire. Ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní 1945, ọmọ náà ti kú, nípa lílù àti ìfìyàjẹ. Ìwádìí tí Sir Walter Monckton ṣe ní ọdún kan náà fi hàn pé ìgbìmọ̀ méjì ni ọ̀rọ̀ ọmọ náà kàn, àbójútó rẹ̀ sì já sáàárín wọn. Ìròyìn ìgbìmọ̀ Curtis jáde ní 1946, òfin àwọn ọmọdé sì tẹ̀ lé e ní 1948.

3. Àlọ́ inú fáìlì

Ẹ jẹ́ kí n wá sí orí àkọsílẹ̀, nítorí níbẹ̀ ni iṣẹ́ tèmi gan-an wà. Láàrin 1929 àti 1930, I. B. Thomas ń tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, tí ó dà bí ẹni pé obìnrin kan tí ń jẹ́ Ṣẹ̀gilọlá ni ó ń kọ wọ́n láti orí àkéte àìsàn. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé òótọ́ ni. Kí ló dé? Nítorí pé òǹkọ̀wé náà mọ bí a ṣe ń fi aṣọ òtítọ́ wọ ìtàn àròsọ: ó dárúkọ àdúgbò, ó tọ́ka sí ìgbà, ó jẹ́ kí asọ̀tàn máa sọ pé "èmi". A yìn ín fún un, ó sì yẹ kí a yìn ín, nítorí pé iṣẹ́ ọnà ni.

Ẹ fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Miami, ní ìpínlẹ̀ Florida. Ọmọbìnrin kan, Rilya Wilson, wà ní abẹ́ àbójútó ìjọba, wọ́n sì fi í sọ́dọ̀ obìnrin kan láti máa tọ́jú rẹ̀. Ní bí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2001, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, ó di àwátì. Oṣù kẹrin 2002 ni ìjọba tó mọ̀. Láàrin oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wọ̀nyẹn, ó yẹ kí òṣìṣẹ́ máa lọ wò ó lóṣooṣù. Kò lọ, ṣùgbọ́n fáìlì kò ṣófo. Ó ń sọ pé àlàáfíà ni ọmọ wà. Ọmọ tí kò sí mọ́ ń dàgbà nínú ìwé. Ní 2013, ilé ẹjọ́ dá obìnrin náà lẹ́bi ìjínigbé àti ìfìyàjẹ ọmọ, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ kò fohùn ṣọ̀kan lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn, a kò sì rí òkú ọmọ náà.

Ohun èlò tí I. B. Thomas lò ni ẹni tí ó kọ fáìlì yẹn lò: ọjọ́, ibùgbé, "èmi". Ìyàtọ̀ kan ni pé kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé àlọ́ ni. Bí apàlọ́ bá pariwo "Ààlọ́ o", a mọ ibi tí à ń lọ. Fáìlì kì í pa irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀.

Florida ṣe òfin ní 2002 tí ó sọ ayédèrú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn. Ní 2006, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí òṣìṣẹ́ máa rí ọmọ kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù, kí púpọ̀ nínú àbẹ̀wò náà sì jẹ́ ní ibi tí ọmọ ń gbé. Ìdíwọ̀n tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dé jẹ́ ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2011. Ó di ìdá 95 láti 2015. Ó dára. Ṣùgbọ́n òfin lè ka iye ìgbà tí ẹsẹ̀ wọlé; kò lè ka ohun tí ojú rí. Kí a má sì dá òṣìṣẹ́ nìkan lẹ́bi. Ẹni tí a gbé ọmọ tí ó pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ lé lọ́wọ́, tí a wá ń bi í ní iye nìkan, à ń kọ́ ọ ní àlọ́ pípa ni. Fáìlì tí ó sọ pé "Mo lọ, n kò bá ọmọ nílé" wúlò fún ọmọ ju èyí tí ó sọ pé "Ara ọmọ le" láti orí tábìlì. Ìkíní jẹ́ kí á mọ̀ pé kí á tún padà lọ.

4. Ta ni "wọ́n"?

Ìṣòro kan wà tí ó jẹ́ tiwa gan-an. Òṣìṣẹ́ wa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ní Yorùbá, ó sì ń kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ wí pé, "Wọ́n bá mi wí." Ta ni "wọ́n"? Nínú èdè wa, ó lè jẹ́ ènìyàn púpọ̀, ó lè jẹ́ àgbà kan ṣoṣo tí ọmọ ń bọ̀wọ̀ fún, ó sì lè jẹ́ ẹni tí ọmọ kò fẹ́ dárúkọ. Kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Gẹ̀ẹ́sì yóò sì fẹ́ kí òṣìṣẹ́ mú ọ̀kan. "Bá wí" ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ẹnu lè ni, pàṣán sì lè ni. Bí a bá tún bi ọmọ pé, "Ṣé dáadáa ni?", yóò dáhùn pé, "A dúpẹ́." Ọmọlúwàbí ni ó fi ń dáhùn bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí kọ́. Nítorí náà, kí òṣìṣẹ́ kọ ọ̀rọ̀ ọmọ sílẹ̀ ní èdè tí ọmọ fi sọ ọ́, lẹ́yìn náà ni kí ó túmọ̀.

Ọ̀rọ̀ Victoria Climbié fi ibi tí èyí lè já sí hàn wá. Àwọn òbí rẹ̀ ní Côte d'Ivoire fi í fún ìbátan bàbá rẹ̀ kí ó lè kàwé lókè òkun, gẹ́gẹ́ bí òbí Yorùbá náà ì bá ti ṣe. Ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 25 oṣù kejì 2000, ní ọmọ ọdún mẹ́jọ. "Anna" ni orúkọ tí àwọn òṣìṣẹ́ fi mọ̀ ọ́n, nítorí pé ìwé ìrìnnà ọmọ mìíràn ni wọ́n fi mú un wọ̀lú. Èdè Faransé ni ó gbọ́. Ìwádìí Lord Laming, tí ó jáde ní 2003, sì fi hàn bí ó ti ṣọ̀wọ́n tó kí ẹnikẹ́ni bá a sọ̀rọ̀ ní òun nìkan ní èdè tirẹ̀. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ìjánu tí fáìlì dì mú kò sí lẹ́nu ọmọ yẹn.

5. Ìtàn ẹni tí kò ní aròyìn

Títí di ibí yìí, mo ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀gá òṣìṣẹ́ nìkan ni yóò ka fáìlì. Ẹlòmíràn kan wà tí yóò kà á. Graham Gaskin dàgbà ní abẹ́ àbójútó ìjọba ìlú Liverpool láti ìgbà ọmọ ọwọ́. Nígbà tí ó dàgbà, ó bèèrè fún fáìlì tí wọ́n kọ nípa rẹ̀. Wọn kò gbé gbogbo rẹ̀ fún un. Ní ọjọ́ 7 oṣù keje 1989, ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní Strasbourg dá a láre pé kò tọ́ kí ó má sí ẹni tí ó dá dúró tí yóò pinnu ohun tí ó yẹ kí ó rí.

Ọmọ tí a tọ́ nílé ní ẹni tí yóò ki í, tí yóò sọ fún un pé, "Nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta, báyìí ni o ṣe." Ọmọ tí ó ti ọwọ́ alágbàtọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn kò ní aròyìn bẹ́ẹ̀. Fáìlì nìkan ni ó ní. Bí a bá kọ irọ́ síbẹ̀, a ti gba ìgbà èwe rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà kejì.

Àwa náà ní Nàìjíríà ti fún ìgbàtọ́ ní àyè nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, Ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe tirẹ̀ ní 2007. Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Kí àwa tí à ń kọ́ni ní èdè bá àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ wẹ́fíà jókòó, kí a jọ kọ́ bí a ṣe ń kọ àkọsílẹ̀: kí a kọ ọ́ ní ọjọ́ tí a lọ, kí a ya ohun tí a rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a gbọ́, kí a kọ orúkọ ọmọ pé, kí a jẹ́ kí ohùn ọmọ wà níbẹ̀. Ìyá àgbà mi ṣe gbogbo rẹ̀ láìmọ̀wé, àyàfi ìwé kíkọ nìkan. Àwa tí a mọ̀wé kò ní àwáwí.