Abiyamọ àti Owó Òwò Rẹ̀



Olùkọ́ ni wá. Bí ìyá bá bímọ, ọmọ rẹ̀ obìnrin ni kì í wá sí ilé-ẹ̀kọ́ mọ́. Òun ni yóò jókòó ti ìsọ̀.

Ní ọdún 2014, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ìsinmi oṣù 6 fún ìbímọ 2 àkọ́kọ́, pẹ̀lú owó oṣù wọn. Ó dára. Ṣùgbọ́n ta ni ń san owó ìsinmi fún ìyá tí ń ta ata ní Ìyànà-Ìbà, tàbí èyí tí ń kiri oúnjẹ ní Alábà? Owó òwò rẹ̀ ni yóò máa jẹ títí yóò fi tán. Bí oyún mìíràn bá tún tètè dé, gbèsè ni.

Àwọn baba ńlá wa mọ èyí: ìyá a máa fún ọmọ lọ́mú tó ọdún 2 tàbí 3 kí ó tó tún lóyún. Ìfètò-sọ́mọ-bíbí kì í ṣe àṣà àjèjì. Ẹ̀tọ́ obìnrin ni kí ó ní ohùn nínú iye ọmọ tí yóò bí àti ìgbà tí yóò bí wọn, nítorí òun ni ó ń ru ẹrù náà.

Nítorí náà, a bẹ̀bẹ̀ fún nǹkan 2: kí ọkọ máa bá aya lọ gba ìmọ̀ràn ní ilé ìwòsàn, kí Ẹgbẹ́ wa sì ya owó sọ́tọ̀ tí abiyamọ lè yá láìsí èlé.

Ọmọ ni iyì wa. Ẹ má jẹ́ kí iyì di ìyà.