Ẹgbẹ́ Ọmọ Kírétè Lẹ́yìn Odi: Láti Venice dé Jámánì

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti gbọ́ orúkọ Kírétè nínú Bíbélì: erékùṣù tí Pọ́ọ̀lù fi Títù sí pé kó máa tún ètò ìjọ ṣe. Inú Òkun Mẹditaréníà ló wà, ó sì ti di apá kan ilẹ̀ Gíríìsì láti 1913. Àwọn ọmọ ibẹ̀ tó ṣí lọ sí àwọn ìlú mìíràn ní Yúróòpù, àti ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀, ni mo wá sọ̀rọ̀ lé lórí. Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn aṣíkiri kò gbọdọ̀ dúró síbi àdéhùn tí ìjọba bá ìjọba ṣe. Ìwé tí ẹgbẹ́ wọn kọ orúkọ àti owó sí ló yẹ kó wá lọ.

Venice ló jọba lórí Kírétè láti ọ̀rúndún kẹtàlá títí di 1669, nítorí náà ọmọ Kírétè tó bá wọkọ̀ lọ sí Venice, ọ̀dọ̀ ìjọba tó ń gba owó orí lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń lọ. Nígbà tí àwọn Tọ́kì Ottoman gba Constantinople, olú ìlú àwọn Gíríìkì nígbà náà, ní 1453, àwọn Gíríìkì tún wọ́ wá sí Venice sí i. Ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ni tiwọn, Kátólíìkì sì ni ìlú tó gbà wọ́n. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, ta ni yóò sin ín ní ìlànà ìjọ rẹ̀?

Ní 1498, ìjọba Venice gbà kí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórúkọ Nikọ́láàsì Mímọ́, ó sì pàṣẹ pé iye ọkùnrin inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 250 lọ. Àwọn ará Cyprus àti Corfu wà níbẹ̀, àwọn ọmọ Kírétè náà sì pọ̀ nínú wọn. Títọ́jú aláìsàn, ríran opó lọ́wọ́, sísin òkú: ohun tí ẹgbẹ́ wà fún nìyẹn. Owó tí wọ́n ń gbà lórí ọkọ̀ òkun Gíríìkì tó bá gúnlẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi kọ́ ilé ìjọsìn wọn, San Giorgio dei Greci, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1539, tí wọ́n sì parí ní 1573. Michael Damaskinos, ayàwòrán ọmọ Kírétè, ṣiṣẹ́ sínú rẹ̀. Kò tíì tó ọdún méjì tí wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ tí ọmọ Kírétè méjì, Zacharias Kallierges àti Nikolaos Vlastos, fi tẹ ìwé atúmọ̀ èdè Gíríìkì ńlá kan jáde ní ìlú yẹn, ní 1499.

Ogun Candia, olú ìlú erékùṣù náà tí à ń pè ní Heraklion lónìí, gbà ju ogún ọdún lọ kí ìlú náà tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn Ottoman ní 1669. Àwọn tó sá kúrò níbẹ̀ sì tún bá àwọn ará ilé wọn ní Venice. Ní 1797 Napoleon gba ìlú náà, ó sì kó owó ẹgbẹ́ lọ. Àwọn ìwé ẹgbẹ́ kò bá owó náà lọ. Wọ́n ṣì wà ní Venice, lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí tí ilẹ̀ Gíríìsì dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1951. Nínú wọn la ti ń rí orúkọ atukọ̀, aránṣọ àti opó tí òpìtàn kankan ìgbà ayé wọn kò dárúkọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sún mọ́ ìgbà tiwa, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára jù. Ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún 1941, àwọn ọmọ ogun Jámánì fi párásúùtì já láti òfuurufú sórí Kírétè. Ará abúlé lọ́kùnrin lóbìnrin bá wọn jà. Lẹ́yìn tí Jámánì borí, ẹ̀san bẹ̀rẹ̀: wọ́n pa abúlé Kandanos run ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ sí Anogeia ní 1944. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta 1960, Jámánì bá Gíríìsì ṣe àdéhùn láti máa kó òṣìṣẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó rí iná Kandanos ti di géńdé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nígbà náà. Ilẹ̀ kò ní irè tó, iṣẹ́ kò sí. Bẹ́ljíọ̀m ti ṣí ọ̀nà sáájú ní 1957, nítorí pé ìjàǹbá kòtò èédú Marcinelle ní 1956, níbi tí èèyàn 262 ti kú, mú kí Ítálì dẹ́kun rírán àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ lọ síbẹ̀.

Dókítà Jámánì yẹ ara àwọn tó fẹ́ lọ sí Jámánì wò kí wọ́n tó gbà wọ́n, ìwé iṣẹ́ ọdún kan ni wọ́n sábà máa ń fún wọn, inú ilé tí ilé iṣẹ́ kọ́ ni wọ́n sì ń sùn, ọ̀pọ̀ nínú yàrá kan. Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹgbẹ́ àwọn Gíríìkì lápapọ̀ wà. Síbẹ̀ àwọn ọmọ Kírétè tún dá tiwọn. Líra wọn, irú gòjé olókùn mẹ́ta kan tí wọ́n ń gbé lé itan, kì í ṣe ohun tí gbogbo Gíríìsì ń ta. Wọ́n ní orin onílà méjì-méjì tí wọ́n ń dá lójú agbo, mantinada, àti ọjọ́ ìrántí tiwọn: ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá, nítorí ilé àwọn mọ́ńkì Arkadi, níbi tí àwọn tí ogun Ottoman ká mọ́ ti fi iná sí ẹ̀tù ìbọn ní 1866 dípò kí wọ́n túúbá, àti oṣù Karùn-ún, fún ogun 1941. Ẹ rò ó wò: nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n háyà ní ìlú Jámánì, ni wọ́n ti ń dìde dúró fún àwọn tí Jámánì pa. Àwọn kan ń sọ pé ijó àti oúnjẹ lásán ni ẹgbẹ́ wọ̀nyí. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ rárá.

Láàárín 1967 sí 1974, tí àwọn ológun jọba ní Gíríìsì, àwọn aṣojú ìjọba lẹ́yìn odi kò fẹ́ tún ìwé ìrìnnà alátakò ṣe, nítorí náà jíjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ lè di ewu. Ní oṣù Kọkànlá 1973, Jámánì dá gbígba òṣìṣẹ́ àjèjì dúró. Ẹni tó bá lọ sílé lè má padà mọ́, ni ọ̀pọ̀ bá kó ìyàwó àti ọmọ wá. Ọmọ tí wọ́n bí ní Stuttgart tàbí Düsseldorf kò mọ òkè Kírétè. Ẹgbẹ́ ló ń kọ́ ọ ní ijó pentozali, tó ń kọ́ ọ bí a ṣe ń di èjìká ẹni ẹ̀gbẹ́ ẹni mú.

Àwọn òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ yẹn ti darúgbó báyìí, ọ̀pọ̀ ti kú. Ní Köln, ibùdó ìkówèésí àwọn aṣíkiri kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, DOMiD, ń kó ohun ìrántí irú wọn jọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn tí ẹ bá rí àǹfààní lọ ṣe ìwádìí níbẹ̀, ẹ béèrè ìwé ìpàdé, ìwé owó ìdáwó, àti ìwé ìpè àríyá ti ẹgbẹ́ ìlú kéékèèké, kí ẹ sì jókòó ti àwọn arúgbó tó kọ wọ́n nígbà tí wọ́n ṣì lè sọ ẹni tó ni orúkọ kọ̀ọ̀kan.