Kíkọ́ Ọmọ Ọ́tísíìmù ní Ìṣirò ní Agbègbè Ọ̀jọ́

Ọ́tísíìmù, tí dókítà Leo Kanner ṣàpèjúwe nínú ìwé ìwádìí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1943, jẹ́ ọ̀nà ọ̀tọ̀ tí ọpọlọ ọmọ ń gbà dàgbà láti kékeré, débi pé ìbánisọ̀rọ̀ lè nira fún un, tí ariwo lè máa ni í lára, tí ohun tó bá sì wà létòlétò a máa fi í lọ́kàn balẹ̀. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ìyá. Àwọn kan nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè ka ení, èjì dé ọgọ́rùn-ún láìṣìnà, tí inú òbí á sì dùn pé ìṣirò ti yé wọn, ṣùgbọ́n bí a bá ní kí wọ́n mú ọsàn mẹ́rin wá nínú apẹ̀rẹ̀, gbogbo ọsàn náà ni wọ́n á kó wá.

Àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, Rochel Gelman àti C. R. Gallistel, ṣàlàyé ní 1978 pé kí ọmọdé tó lè mọ iye, ó gbọ́dọ̀ yé e pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ kan ṣoṣo nínú kíkà, àti pé èyí tó pè gbẹ̀yìn ni iye gbogbo ohun tó wà nílẹ̀. Ọmọ tí èyí kò tíì yé, orin ló ń kọ.

Ọpọ́n ayò lè jẹ́ kí iye yé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ihò 12 ló ní, mẹ́fà níhà kọ̀ọ̀kan, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin ló sì máa ń wà nínú wọn kí eré tó bẹ̀rẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 48. Olùkọ́ kò ní láti sọ̀rọ̀ púpọ̀: ọmọ yóò kó mẹ́rin nínú ihò kan, yóò máa fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan sínú ihò tó tẹ̀ lé e títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi ṣófo, yóò sì rí i pé ihò mẹ́rin ló gba tuntun. Bí ọwọ́ bá ti mọ̀ ọ́n, kí olùkọ́ ya ihò àti ọmọ ayò sórí bébà; ẹ̀yìn èyí ni kó tó kọ àmì 4. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ló ń fi àmì ṣáájú, ó sì ń pa àwọn ọmọ náà lára.

Ní Ọ̀jọ́ ní Èkó, ọmọ lè gbọ́ Àwórì àti Ègùn nílé, kó gbọ́ Ìgbò ní ọjà Alábà, kó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì. Yorùbá nìkan tilẹ̀ ní ẹ̀ta, mẹ́ta, kẹta àti ẹ̀ẹ̀mẹta, ọmọ tó ń di ọ̀rọ̀ mú bó ṣe gbọ́ ọ sì lè rò pé nǹkan mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Nítorí náà, kí òbí àti olùkọ́ fẹnu kò lórí ọ̀kan nínú wọn tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, bí a bá to ìdérí ìgò mínírà 20 sí ìlà mẹ́rin, tí a yọ mẹ́ta, àyè mẹ́ta tó ṣófo á jẹ́ kí ẹ̀tàdínlógún hàn sí ojú bí ẹnu ṣe pè é.

Ohun tí irú ọmọ yìí mọ̀ ní kíláàsì kì í sábà bá a délé fúnra rẹ̀. Ó yẹ kí a tún un kọ́ pẹ̀lú kíréètì ẹyin, tó ń gba 30, lẹ́yìn náà pẹ̀lú tòmátì nínú ọjà Ìyànà-Ìbà, ní àárọ̀ kùtù kí ariwo àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó gbòde. Fásitì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí ìjọba Lateef Jakande dá sílẹ̀ ní 1983, wà ní Ọ̀jọ́ yìí kan náà. Ó sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀ ti jókòó ti ọpọ́n ayò pẹ̀lú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ní Ìbà tàbí ní Okokomaiko, kí ó tó gba ìwé ẹ̀rí.