IṢẸ́ ÀWỌN TÍ Ń FI Ẹ̀RỌ WO ỌPỌLỌ
Ọ̀rọ̀ Àsọyé fún Yàrá Ìkàwé Ìmásàyí

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lónìí jẹ mọ́ iṣẹ́ kan tí àwọn ènìyàn kì í sábà gbọ́ orúkọ rẹ̀. Gbogbo ayé ni ó mọ dókítà. Gbogbo ayé ni ó mọ nọ́ọ̀sì pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá, òṣìṣẹ́ kan tún wà tí kì í fún ènìyàn ní abẹ́rẹ́, tí kì í sì í yan oògùn fún aláìsàn, síbẹ̀ tí ìwé tí ó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde jẹ́ ìrànlọ́wọ́ ńlá fún dókítà. Òun ni ẹni tí ń fi ẹ̀rọ gba ìṣísẹ̀ ọpọlọ sílẹ̀. EEG ni a ń pe ẹ̀rọ náà ní ilé ìwòsàn.

Ohun tí ó mú kí iṣẹ́ yìí kan ará Ìmásàyí ni àrùn wárápá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwákáyọ̀dé Ọ̀ṣúntòkun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú dókítà ọpọlọ àti iṣan ní ilẹ̀ Nàìjíríà, kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn lọ sí Igbó-Ọrà, ìlú àwọn àgbẹ̀ ní Ìbàràpá, tí kò jìnnà púpọ̀ sí Abẹ́òkúta. Láàrin àwọn ará ìlú náà ni wọ́n ti ṣe ìwádìí, wọn kò jókòó sí ilé ìwòsàn láti máa dúró de ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1987, wọ́n fi hàn pé nínú 1,000 ènìyàn, ó lé díẹ̀ ní 5 tí ó ní wárápá. Bí ìlú kan bá ní 20,000 ènìyàn, èyí yóò tó nǹkan bí 100. Àwọn àgbà sì ti wí pé àrùn tí ń ṣe ogójì ní ń ṣe ọ̀ọ́dúnrún. Ohun tí a rí ní Igbó-Ọrà kò ṣe àjèjì sí Yewa.

Níbo ni àwọn ọgọ́rùn-ún náà wà? Òmíràn nínú wọn ń bẹ nínú ìyẹ̀wù, tí àwọn òbí rẹ̀ kò jẹ́ kí àlejò rí i. Òmíràn ti kúrò ní ilé ẹ̀kọ́. Òmíràn ti ṣubú sínú iná àárò tàbí sínú odò, nítorí pé kò sí ẹni tí ó wà nítòsí nígbà tí àrùn náà gbé e. Àwọn ènìyàn a sì máa sá fún un, nítorí wọ́n rò pé itọ́ ẹnu rẹ̀ lè ran ẹlòmíràn. Èyí kì í ṣe òtítọ́. Wárápá kì í ràn rárá. Inú ọpọlọ ni ó ti ń wá.

Nínú ọpọlọ ènìyàn ni àwọn ohun tín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè rí wà, tí wọ́n ń ránṣẹ́ sí ara wọn tọ̀sán tòru. Agbára tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ náà bá iná mànàmáná tan, ṣùgbọ́n ó kéré jọjọ. Agbára tí ó wà nínú òkúta tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo ju èyí tí ó ń dé awọ orí lọ ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ìlọ́po. Nígbà tí ara bá le, olúkúlùkù a máa ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, bí ìyáàlù, omele àti gúdúgúdú ti ń ṣe nínú ìlù. Nígbà tí wárápá bá dé, ṣe ni gbogbo wọn pa ohùn pọ̀ lójijì, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ ti ìyáàlù mọ́. Nígbà náà ni ara ń gbọ̀n, tí ojú ń yí, tí ènìyàn sì ń ṣubú.

Dókítà Hans Berger, ní ìlú Jena ní Jámánì, ni ó kọ́kọ́ gba ìṣísẹ̀ yìí sílẹ̀ láti orí ènìyàn ní 1924. Ọdún márùn-ún ni ó fi ń tún un wò kí ó tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1929. Ó rí i pé bí ènìyàn bá dijú, tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀, ìlà tí ẹ̀rọ ń fà a máa lọ sókè sódò ní nǹkan bí ìgbà 10 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá sì lajú, ìlà náà a yí padà. Ní 1935, àwọn dókítà Gibbs, Davis àti Lennox ní Amẹ́ríkà fi hàn pé irú wárápá kan wà tí ìlà tirẹ̀ máa ń ṣe ṣóńṣó, tí ó tún tẹ̀ kọrọdọ, ní ìgbà 3 nínú ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ yìí ti di ohun èlò pàtàkì fún àwọn oníṣègùn ọpọlọ.

Ní apá ilẹ̀ wa, àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ń bẹ ní ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Ìbàdàn, èyí tí a ṣí ní 1957, wọ́n sì ń bẹ ní Arò ní Abẹ́òkúta. Ní Arò ni Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, ti bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀ tí ó lókìkí ní 1954, tí àwọn aláìsàn fi ń gbé pẹ̀lú ìbátan wọn ní àwọn abúlé àyíká, tí wọ́n sì ń gba ìtọ́jú lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí iṣẹ́ náà ti ń lọ. Ká sọ pé ìyá kan gbéra láti Ìmásàyí pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́sàn-án. Ó kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn ìjọba ní Aiyétòrò, dókítà sì kọ ìwé fún un láti lọ sí Abẹ́òkúta. A ti sọ fún un pé kí ó tú irun ọmọ náà, kí ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ó má sì fi òróró tàbí àdí kàn án, nítorí pé ọ̀rá kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ gbọ́ ohùn ọpọlọ. Bóyá a tún ní kí ọmọ náà má sùn tó ní alẹ́, nítorí pé oorun àìtó a máa jẹ́ kí ohun tí ó fara pamọ́ jáde.

Ohun àkọ́kọ́ tí òṣìṣẹ́ náà ń ṣe ni pé ó ń fi ẹnu tu ìyá àti ọmọ nínú. Ó ń sọ fún wọn pé ẹ̀rọ náà kì í fi iná sí ènìyàn lára. Gbígbà ni ó ń gbà, kì í fúnni. Ó ń sọ fún wọn pẹ̀lú pé kò lè rí èrò ọkàn ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn èyí ni ó mú téèpù bí ti àwọn télọ̀, ó wọn orí ọmọ náà láti gbòǹgbò imú títí dé kókó ẹ̀yìn orí, ó sì tún wọ̀n ọ́n láti etí kan dé èkejì. Bí ó ti ń wọ̀n ọ́n ni ó ń fi àmì sí i. Ìlànà tí Dókítà Herbert Jasper gbé jáde ní 1958 ni a ń tẹ̀lé káàkiri ayé, kí ibi tí a bá fi àmì sí ní Abẹ́òkúta lè bá ti Lọ́ńdọ̀nù mu. Àwọn irin pẹlẹbẹ kéékèèké, tí wọn kò ju bọ́tìnnì lọ, ni a ó fi ìpara lẹ̀ mọ́ àwọn àmì náà. Wọ́n lè tó 21. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ díẹ̀, ìwé náà lè tan dókítà jẹ.

Nígbà tí ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, òṣìṣẹ́ náà kì í gbé ojú kúrò. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 ni. A ní kí ọmọ dijú, kí ó lajú, kí ó mí kanlẹ̀ léraléra fún ìṣẹ́jú 3, kí ó sì wo iná tí ń ṣẹ́jú. Bí ọmọ bá gbé itọ́ mì, tí ó ṣẹ́jú, tàbí tí ó ṣe gírí, ìlà náà yóò fò sókè. Ẹni tí kò mọṣẹ́ yóò pe èyí ní wárápá. Ẹni tí ó mọṣẹ́ yóò kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé ọmọ ni ó mira. Bí àrùn náà bá gbé ọmọ lójú rẹ̀, yóò yí i sí ẹ̀gbẹ́, yóò wo aago, yóò sì ké sí dókítà. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ sọ fún ìyá pé báyìí ni tàbí báyìí kọ́. Iṣẹ́ dókítà ni láti túmọ̀ ìwé náà.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi etí sí èyí. Ọmọ kan lè wà ní kíláàsì tí ó ń wo òfuurufú fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, tí kò dáhùn bí a ti pè é, tí ó sì tún ń bá ìwé rẹ̀ lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. A ti na irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí, a sì ti pè é ní ọ̀lẹ. Ó lè jẹ́ pé wárápá onígbà 3 nínú ìṣẹ́jú àáyá tí a mẹ́nu bà lókè yìí ni ó ń ṣe é. Bí òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ bá ti ní kí ó mí kanlẹ̀, àṣírí rẹ̀ a tú, oògùn sì wà fún un.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹ̀rọ yìí ń wo àrùn sàn. Kí ó má sì rò pé bí ìwé bá mọ́, kò sí wárápá. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ní àrùn náà ni ìwé àkọ́kọ́ wọn kò fi ohunkóhun hàn. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó rí àìsàn náà nígbà tí ó gbé ọmọ fi gbọ́dọ̀ bá a lọ, kí ó lè sọ fún dókítà bí ó ti bẹ̀rẹ̀ àti bí ó ti pẹ́ tó.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ nílé, ẹ yí aláìsàn sí ẹ̀gbẹ́, ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má sì ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná. Àgbo ìtọ̀ màlúù tí a fi ewé tábà sí ti ba ọpọlọ àwọn ọmọ jẹ́, ó sì ti pa òmíràn. Àwọn dókítà ní Ìbàdàn ti kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá lé ní ìṣẹ́jú 5, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Bí ó bá jẹ́ gìrì ọmọdé pẹ̀lú ara gbígbóná, ilé ìwòsàn kan náà ni, nítorí pé ibà tàbí àrùn yírùnyírùn lè wà nídìí rẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ènìyàn 10 tí ó ní wárápá, ó tó 7 tí ó lè bọ́ lọ́wọ́ gìrì bí a bá rí ìdí rẹ̀, tí wọ́n sì ń lo oògùn bí ó ti yẹ. Phenobarbital, tí a ti ń lò láti 1912, kò wọ́n rárá. Ẹni tí ó bá ń lo oògùn kò gbọ́dọ̀ dá a dúró láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ẹ ro iṣẹ́ yìí wò. Ó ń fẹ́ ọwọ́ tí kì í gbọ̀n, ojú tí kì í rẹ̀, àti ẹnu tí ó lè tu ìyá tí ẹ̀rù ń bà nínú. Ẹ̀yin òbí, ẹ mú àwọn ọmọ yín jáde kúrò nínú ìyẹ̀wù. Ẹ̀rọ kò lè rí ọpọlọ tí a kò gbé wá síwájú rẹ̀.