Orúkọ Ìdílé: Ọmọ Ilé Ta Ni?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tí òwe yìí ń tọ́ka sí kì í ṣe orúkọ bàbá tí à ń kọ sẹ́yìn orúkọ ẹni lónìí. Bí àlejò bá ń wá ẹnì kan kiri láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, láti Mápó dé Bẹ́yẹrúnkà, "Ọmọ ilé ta ni?" ni àwọn àgbà yóò kọ́kọ́ bi í. Agbo-ilé tí mọ́gàjí jẹ́ olórí rẹ̀ ni a fi ń mọ ènìyàn. Oríkì orílẹ̀ àti èèwọ̀ sì ni ẹ̀rí. Orúkọ àmútọ̀runwá, orúkọ àbísọ àti oríkì, ti ẹni tí ń jẹ́ ẹ ni.

Ilé-ìwé àwọn míṣọ́nárì ni ó kọ́kọ́ mú orúkọ ìdílé wọ Ìbàdàn. Ní 1853 ni David Hinderer àti aya rẹ̀, Anna, fi ìlú náà ṣe ibùjókòó. Nígbà tí a bá béèrè orúkọ bàbá lọ́wọ́ ọmọ, orúkọ tí bàbá fúnra rẹ̀ ń jẹ́ ni ọmọ yóò dá. Ẹ̀gbọ́n lè mú orúkọ bàbá, kí àbúrò mú ti bàbá àgbà. Báyìí ni ọmọ ìyá kan náà ṣe ń jẹ́ orúkọ méjì.

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò lórí ààlà ilẹ̀ wọn. Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ bọ́ sí ọ̀dọ̀ Faransé. Láti 1794 ni òfin Faransé ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ mìíràn ju èyí tí ó wà nínú ìwé ìbí rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ohun tí akọ̀wé bá gbọ́ tí ó sì kọ sílẹ̀ ni ó ń di orúkọ ìdílé. Bí Faransé sì ti ń kọ̀wé ni ó kọ ọ́: Adéṣínà lè di Adechina, Ògúndélé lè di Ogoundélé. Ẹni tí ó bá ń wá ìbátan kọjá ààlà kí ó fi etí wá a, kí ó má fi ojú nìkan wá a.

Orúkọ àjèjì pàápàá kò pa orísun rẹ́. Ní Àjàṣẹ́, Mùsùlùmí Yorùbá tí ó ti Brazil padà wálé ni ó dá ìdílé Paraïso sílẹ̀. Ní Ìbàdàn níhìn-ín, Samuel Johnson, ẹni tí ó ṣàlàyé orílẹ̀ nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, Johnson ni ó ń jẹ́, síbẹ̀ ó mọ̀ pé láti ìdílé Aláàfin Abíọ́dún ni òun ti ṣẹ̀.

Kí ni ewu inú ọ̀rọ̀ yìí? Ẹni tí kò mọ orílẹ̀ rẹ̀ lè fẹ́ ìbátan rẹ̀ láìmọ̀. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ará ilé lè rí i pé a yọ ọ́ kúrò nínú ogún. Ìwé lè sọ orúkọ bàbá kan. Oríkì ni ó ń sọ ibi tí àwọn bàbá ti wá. Ìbàdàn tí a tẹ̀ dó ní nǹkan bí 1829 sì jẹ́ àpapọ̀ ọmọ Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá. Orílẹ̀ nìkan ni ó lè ya ìran kan sọ́tọ̀ sí èkejì.

Ẹni tí ó bá fẹ́ tọ ìran rẹ̀, kí ó fi ìwé ìbí àti ìwé ìrìbọmi bẹ̀rẹ̀, kí ó wo àwọn ibi tí ìjọba ń tọ́jú ìwé àtijọ́ sí, ní Ìbàdàn àti ní Àjàṣẹ́. Lẹ́yìn náà, kí ó padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́gàjí, kí ó jókòó ti àwọn ìyàwó ilé tí wọ́n ti gbó nínú oríkì. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín wálé. Kí olúkúlùkù kọ oríkì orílẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láyé. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.