Gómìnà Baker àti Afẹ́fẹ́ Orí Òkun

Bí olóṣèlú kan bá tako ohun kan lónìí, tí ó sì di alátìlẹ́yìn rẹ̀ ní ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, kíá ni aráyé máa ń pè é ní alágàbàgebè. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣe bẹ́ẹ̀ sí Charlie Baker, ẹni tí ó ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Massachusetts ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti 2015 títí di 2023, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun kan náà ni ọkùnrin náà takò tí ó sì tún wá gbè.

Ní 2001, ilé-iṣẹ́ Cape Wind dábàá láti ri ẹ̀rọ 170 mọ́ ìsàlẹ̀ òkun ní Nantucket Sound, kí afẹ́fẹ́ máa yí wọn, kí wọn sì máa pèsè iná mànàmáná. Láti èbúté dé ibẹ̀ kò ju nǹkan bí máìlì márùn-ún lọ. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọlọ́rọ̀ tí ilé wọn kọjú sí òkun fárígá. Edward Kennedy, aṣòfin àgbà tí òkìkí rẹ̀ kàn, wà lára àwọn tí ó takò ó. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi àti iṣẹ́ apẹja ni ó ń tẹnu mọ́, ṣùgbọ́n omi yẹn kan náà ni ilé ẹbí rẹ̀ ní Hyannis Port kọjú sí. Ó jọ ti ẹni tí ó fẹ́ ìmọ́lẹ̀ àtùpà, tí kò fẹ́ kí èéfín rẹ̀ dé iyàrá òun.

Ọ̀rọ̀ owó ni ti Baker. Nígbà tí ó ń bá Gómìnà Deval Patrick du ipò ní 2010, Patrick ń ti Cape Wind lẹ́yìn gbágbágbá, Baker sì ń sọ pé iná náà yóò wọ́n jù. Kò purọ́. Iye tí wọ́n fẹnu kò sí ni sẹ́ńtì 18.7 fún iná kílówáàtì kan fún wákàtí kan, èyí tí yóò sì máa fi ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i lọ́dọọdún fún ọdún 15. Baker fìdí rẹmi nínú ìbò náà. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìn-ín-ní 2015, oṣù tí ó gorí àga gan-an, àwọn tí ó ti ṣèlérí láti ra iná Cape Wind yọwọ́, nítorí pé ilé-iṣẹ́ náà kò rí owó kó jọ kí ọjọ́ àdéhùn tó pé.

Ní oṣù kẹjọ 2016 ni Baker bu ọwọ́ lu òfin tí ó pàṣẹ fún àwọn tí ń pín iná ní ìpínlẹ̀ náà pé kí wọn wá mẹ́gáwáàtì 1,600 rà láti orí òkun. Kókó òfin náà ni pé kí àwọn oníṣẹ́ máa figagbága, kí iye owó tí ẹni ẹ̀yìn bá mú wá sì kéré sí ti ẹni ìṣáájú. Vineyard Wind ni ó mókè ní 2018: sẹ́ńtì 7.4 ni yóò fi bẹ̀rẹ̀ fún ìdajì iná rẹ̀, 6.5 fún ìdajì kejì. Ojú ibi tí ó gbà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó máìlì 15 sí gúúsù erékùṣù Martha's Vineyard.

Nítorí náà, ìlànà ìdíyelé ni Baker yí padà, kì í ṣe èrò ọkàn rẹ̀. Síbẹ̀, kì í ṣe òun nìkan ni ìyìn tọ́ sí. Àwọn ará Yúróòpù ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ iṣẹ́ yìí di èyí tí owó ká. Okùn tí ó so mọ́ iye owó náà sì le ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí pé ọjà kì í fi gbogbo ìgbà rẹlẹ̀. Òfin mìíràn tí òun fúnra rẹ̀ bu ọwọ́ lù ní 2022 ni ó dẹ okùn ọ̀hún.

Ohun kan wà tí òfin gómìnà kò ká. Máìlì mẹ́ta péré láti etíkun ni omi ìpínlẹ̀ náà. Ti ìjọba àpapọ̀ ni ìyókù. Ìdí nìyí tí ìjọba Trump fi lè dá Vineyard Wind dúró ní 2019, tí ìjọba Biden sì fún un ní àṣẹ ní 2021. Iná rẹ̀ àkọ́kọ́ dé ilẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 2024. Ní ọdún kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ tí Trump padà wọlé, ó pàṣẹ pé kí wọn má ṣe yá ẹnikẹ́ni ní ojú òkun tuntun fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.