Ẹran Àgbàsìn: Àdéhùn Ìjọba àti Ẹgbẹ́ Aládàáni Lórí Igbó Ọba



Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ni àdéhùn tí àwọn ìjọba ilẹ̀ Áfíríkà ń bá àwọn ẹgbẹ́ aládàáni ṣe lórí igbó ọba, ìyẹn igbó tí a fi òfin dè nítorí àwọn ẹranko inú rẹ̀. Nínú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, ìjọba ni ó ṣì ni ilẹ̀ àti ẹranko. Ẹgbẹ́ náà ni yóò wá owó, tí yóò gba olùṣọ́ síṣẹ́, tí yóò sì máa bójú tó igbó fún iye ọdún tí wọ́n jọ fọwọ́ sí. Ètò yìí kò ṣe àjèjì sí wa. Ẹni tí ó bá ti gba abo ewúrẹ́ sìn rí mọ̀ ọ́n: ewúrẹ́ kì í ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni ó ń já ewé fún un, bí ó bá sì bímọ, òun àti olóhun a jọ pín in. Ìjà àgbàsìn kì í sábà wáyé lórí ewé. Orí iye ọmọ tí ẹran bí, àti èyí tí wọ́n ní ó kú, ni ó ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí a fojú sí.

Ẹ jẹ́ kí a mú igbó Akagera ní ilẹ̀ Rùwáńdà. Ọdún 1934 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Lẹ́yìn ìpakúpa ọdún 1994, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti sá kúrò nílùú padà wálé pẹ̀lú màlúù wọn, wọn kò sì rí ilẹ̀ tí wọn ó dà wọ́n sí. Ní ọdún 1997, ìjọba gé ohun tí ó ju ìdajì igbó náà lọ. Kìnnìún ń pa màlúù, àwọn darandaran ń pa kìnnìún, títí kìnnìún fi tán níbẹ̀. Èmi kò rí ẹni tí n ó dá lẹ́bi nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ní 2010, ìjọba Rùwáńdà àti ẹgbẹ́ African Parks dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí àwọn méjèèjì jọ ń darí. Ohun tí àwọn oníròyìn fẹ́ràn láti sọ ni pé kìnnìún 7 ti Gúúsù Áfíríkà dé ní 2015, tí àgbáǹréré dúdú 18 sì tẹ̀ lé wọn ní 2017. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣáájú wọn ni ó wú mi lórí jù: ní 2013, kí kìnnìún kankan tó dé, wọ́n ti na ọgbà wáyà oníná tí ó gùn tó 120 kìlómítà sí ẹ̀gbẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ ń gbé, ìjọba ni ó sì gbé owó rẹ̀ kalẹ̀. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó tí àwọn arìnrìn-àjò ń san ní àwọn igbó ọba Rùwáńdà ń lọ sí àwọn ìletò àyíká, àpò owó kan sì wà fún ẹni tí ẹranko bá ba oko rẹ̀ jẹ́. Olóhun kò fi ẹran lé agbàsìn lọ́wọ́ kí ó wá lọ sùn.

Nílé wa níhìn-ín, ìpínlẹ̀ Bauchi bá Wildlife Conservation Society ṣe àdéhùn lórí Yankari ní 2014, nígbà tí àwọn apẹran ń pa erin nítorí eyín rẹ̀. Ìṣọ́ náà le sí i, pípa erin sì dínkù gidigidi. Ṣùgbọ́n erin kò mọ ààlà. Ní àsìkò òjò wọn a jáde lọ sóko olóko. Nítorí náà ni wọ́n ṣe gba àwọn ará ìletò fúnra wọn láti máa ṣọ́ erin, kí wọ́n sì máa ta àgbẹ̀ lólobó.

Ó ní ibòmíràn tí ọ̀rọ̀ kò ti rí báyìí. African Parks kan náà ni ó ń bójú tó Odzala-Kokoua ní Kóńgò-Brazzaville láti 2010. Ní oṣù kìn-ín-ní 2024, ẹ̀sùn hàn sí gbangba pé àwọn olùṣọ́ ibẹ̀ ń lu àwọn ará Baka, tí igbó náà jẹ́ ilé ìran wọn, wọ́n sì ń fipá bá obìnrin lò. Ẹgbẹ́ náà gbé iṣẹ́ ìwádìí fún àwọn agbẹjọ́rò. Ní oṣù karùn-ún 2025, ó gbà pé wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn mọ́lẹ̀ níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò gbé ìwé ìwádìí náà síta fún aráyé. Agbàsìn ni ó ránni lọ wo ewúrẹ́, agbàsìn náà ni wọ́n jábọ̀ fún. Níbo ni olóhun wà?

Mo ń sọ èyí nítorí Ọ̀yọ́-Ilé. Igbó ọba tí ó yí ahoro ìlú àwọn baba wa ká fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Bí ẹgbẹ́ aládàáni bá gbé owó wá síbẹ̀ lọ́la, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe ní Okomu àti Gashaka-Gumti, n kò ní sọ pé kí a lé e, nítorí igbó tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ju agbára ìwọ̀nba olùṣọ́ lọ. Ṣùgbọ́n kí a tó fọwọ́ sí ìwé, kí Kìṣí, Igbóho àti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ní ìjókòó nínú ìgbìmọ̀ tí yóò máa darí rẹ̀. Kí a máa ka ìṣirò owó ọdọọdún ní ààfin wọn, ní èdè tí ọdẹ àti àgbẹ̀ gbọ́. Bí olùṣọ́ bá lu ènìyàn, kí ó má ṣe jẹ́ ẹni tí ń san owó oṣù rẹ̀ ni yóò ṣe ìwádìí. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn náà, kí ó hàn ketekete, ta ni yóò san owó iṣu àti àgbàdo tí ẹranko bá jẹ.